Ọ̀rẹ́ mi ò ní pépà, ó sì fẹ́ ṣe àyẹ̀wò àtọ̀sí: ṣé wọn ò ní mú un?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Nọ́ọ̀sì. Wíáháòsì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Houston. Ọmọ Honduras kan tá a jọ ń já ẹrù fọ̀rọ̀ lọ̀ mí. Ó ti lé lọ́sẹ̀ méjì tí ìtọ̀ ti ń ta á bí ata, ọyún sì ń yọ. Ó ra kápúsù kan lọ́jà ọjọ́ Àìkú, ó rọlẹ̀, ó tún gbérí. Ìyàwó rẹ̀ lóyún oṣù márùn-ún. Mo ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò, ó ní òun ò ní pépà, pé tóun bá ti lè kọ orúkọ sílẹ̀ ní kíníkì, àwọn ICE, ọlọ́pàá ìmígíréṣọ̀n, á wá kó òun. Ṣé òótọ́ ni? Èló ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀? Ṣé kí n tẹ̀lé e lọ kí n máa ṣe ògbufọ̀? Mo gbọ́ Sípáníìṣì díẹ̀díẹ̀. — Bàbá Ìbejì, Houston.

Ìdáhùn: Bàbá Ìbejì, ẹ kú àníyàn. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí ẹ mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyàwó yẹn. Ọkọ tí ọyún ń yọ lójú ara rẹ̀ ti kó nǹkan, bí wọ́n bá sì ń sùn pọ̀, àfàìmọ̀ kó má ti dé ara ìyàwó, kó má sì sí àmì kankan lára obìnrin náà. Bí àtọ̀sí àti klamídíà, àrùn ìbálòpọ̀ míì tó jọ ọ́, ṣe sábà máa ń ṣe lára obìnrin nìyẹn: kò dùn ún, kò yún un, ó kàn wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Ọmọ tó bá gba ibẹ̀ jáde lè kó o sójú. Nítorí náà ẹ má wulẹ̀ mú ọkùnrin náà nìkan lọ. Tọkọtaya ni kó lọ, lọ́sẹ̀ yìí.

Ẹ ní kápúsù náà jẹ́ kó rọlẹ̀. Mo mọ kápúsù yẹn. Ní ọjà tí wọ́n ń pè ní pulga, wọ́n ń tà á lẹ́yọlẹ́yọ nínú ọ̀rá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ata gbígbẹ àti bàtà ọmọdé. Àwọn tó ń tà á ò rí aburú níbẹ̀, torí pé nílùú tí wọ́n ti wá, ènìyàn lè wọ ṣọ́ọ̀bù oògùn, kó sọ ohun tó ń ṣe é, kí wọ́n wọn oògùn fún un. Ta ló fẹ́ bú wọn nínú àwa tá a dàgbà sọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì, tá a mọ kápúsù pupa-òun-yẹ́lò bí ẹni mọ owó? Àmọ́ oògùn bíi tẹtirasáíkílìn àti pẹnisílíìnì ò ran kòkòrò àtọ̀sí mọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi. Láti ìparí 2020, abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo, ceftriaxone 500 mílígíráàmù, ni CDC, àjọ tó ń rí sí àrùn ní Amẹ́ríkà, ní kí wọ́n máa fi wo àgbàlagbà tí àtọ̀sí bá ń yọ lẹ́nu. Ẹ ò lè rí ìyẹn nínú ọ̀rá pulga. Oògùn tó bá lu kòkòrò náà ní àlùbàmí á jẹ́ kó dákẹ́, ẹni tó ni ín á rò pé òun ti gbádùn, á sì máa pín in kiri.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ICE. Kíníkì àdúgbò ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì mọ ohun tí wọ́n ń béèrè lórí káńtà bí mo ṣe mọ orúkọ àwọn ọmọ mi. Orúkọ, ọjọ́ ìbí, nọ́ḿbà fóònù, ibi tó ń gbé, iye tó ń wọlé fún un, ẹni mélòó ló ń jẹ nínú owó náà, bóyá ó ní inṣọ́ráǹsì. Àyè kan lè wà fún nọ́ḿbà Social Security, èyí tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fún ẹni tó ní àṣẹ láti ṣiṣẹ́. Tí kò bá ní in, kó fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo. Ẹ jọ̀ọ́, kó má fi nọ́ḿbà ẹlòmíì dí i o. Ọkùnrin kan ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí: orúkọ àti nọ́ḿbà tó fi gba iṣẹ́ ló fi gba káàdì lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí àbájáde jáde, tá a sì pè é lórí fóònù, a bèèrè ẹni yẹn, ó ní ẹ ti ṣìnà, ó gé e. Ó ti gbàgbé orúkọ tó fún wa. Oṣù kan kọjá kó tó gba abẹ́rẹ́ tó yẹ kó ti gbà lọ́jọ́ kejì.

Mi ò tíì rí fọ́ọ̀mù kankan ní kíníkì àdúgbò tó bi ènìyàn bóyá ó ní pépà. Ilé ìwòsàn ńlá ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀, mo sì rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ yín ti gbọ́ ìròyìn tó gbọ́. Ní oṣù kẹjọ 2024, Gómìnà Greg Abbott pàṣẹ pé kí àwọn ilé ìwòsàn ní Texas máa bi aláìsàn bóyá ó wà nílùú lọ́nà òfin, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún náà. Iye ènìyàn àti iye owó tí wọ́n ná ni wọ́n ń fi ṣọwọ́ sí ìjọba ìpínlẹ̀. Aláìsàn lè ní òun ò dáhùn, àṣẹ náà fúnra rẹ̀ sì ní kí wọ́n sọ fún un pé ìdáhùn rẹ̀ kò ní yí ìtọ́jú rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ta ló ń ka àṣẹ dé ìsàlẹ̀? Ohun tó délé ni pé "wọ́n ti ń béèrè pépà ní ọsibítù," ọ̀rọ̀ náà sì ti di ti gbogbo ilé tí wọ́n ti ń wọ aṣọ funfun.

Kí n má parọ́ fún yín náà ṣá. Tẹ́lẹ̀, ìlànà kan wà tó ní kí àwọn ICE yẹra fún ilé ìwòsàn, iléèwé àti ṣọ́ọ̀ṣì. Ní oṣù kìíní 2025, ìjọba Ààrẹ Trump gbé ìlànà náà kúrò. Gbọ̀ngàn ìdúró kíníkì, níbi tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀, àwọn náà lè wọ̀ ọ́. Yàrá inú, níbi tí a ti ń yẹ aláìsàn wò, wọn ò lè wọ̀ ọ́ láìsí ìwé àṣẹ tí adájọ́ fọwọ́ sí, àyàfi tí àwa bá ṣílẹ̀kùn fún wọn. Èmi ò lè búra fún ẹnikẹ́ni pé nǹkan kan ò lè ṣẹlẹ̀.

Ohun tí mo máa sọ ni pé ojú ọ̀nà ló yẹ kí ọ̀rẹ́ yín máa bẹ̀rù ju káńtà lọ. Texas kì í fún ẹni tí kò ní pépà ní láísẹ́ǹsì. Ẹ wo bí Houston ṣe fẹ̀ tó. Ẹni tó bá ń gbé ní àdúgbò Gulfton, tí kíníkì tí wọ́n júwe fún un sì wà ní ìhà kejì ìlú, á wakọ̀ láìní láísẹ́ǹsì tàbí kó wọ bọ́ọ̀sì méjì. Iná ẹ̀yìn mọ́tò kan ò tàn, ọlọ́pàá dá a dúró, láti ibẹ̀ ó di àgọ́, láti àgọ́ ó di ọwọ́ ICE. Ọ̀pọ̀ ẹni tí mo mọ̀ tí wọ́n kó, ọ̀nà ibi iṣẹ́ tàbí ọ̀nà ọjà ni wọ́n ti kó wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní láísẹ́ǹsì àti inṣọ́ráǹsì mọ́tò, ìrànlọ́wọ́ tó tóbi jù tẹ́ ẹ lè ṣe nìyẹn: ẹ fi mọ́tò yín gbé tọkọtaya náà lọ. Kẹ́ ẹ tó jáde, ẹ yẹ iná ẹ̀yìn wò.

Ọ̀ràn òfin ìjọba àpapọ̀ gùn, mo máa gé e kúrú. Òfin tí Ààrẹ Clinton fọwọ́ sí ní 1996 ló ti ọ̀pọ̀ ìlẹ̀kùn ìrànwọ́ ìjọba mọ́ àwọn tí kò ní pépà. Ṣùgbọ́n òfin yẹn kan náà yọ ìtọ́jú pàjáwìrì sílẹ̀, ó yọ abẹ́rẹ́ àjẹsára sílẹ̀, ó sì yọ àyẹ̀wò àti ìtọ́jú àmì àrùn tó ń ràn sílẹ̀. Àwọn tó kọ ọ́ kì í ṣe aláàánú, wọ́n kàn mọ̀ pé tí ẹ bá lé aláìsàn tó lárùn tó ń ràn, ọmọ onílẹ̀ ló máa kó o. Ní oṣù keje 2025, ilé-iṣẹ́ ìlera ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn kíníkì àdúgbò náà ti wà lára ohun tí òfin 1996 kàn. Nǹkan bí ogún ìpínlẹ̀ ló gbé e lọ sílé ẹjọ́, Texas ò sì sí lára wọn. Síbẹ̀ òfin náà kò ní kí àjọ aláàánú tí kì í ṣe ti èrè máa yẹ pépà ènìyàn wò, ọ̀pọ̀ kíníkì àdúgbò sì jẹ́ irú àjọ bẹ́ẹ̀. Nítorí pé ọ̀rọ̀ yìí ń yí bí ojú ọjọ́, ẹ pe kíníkì náà kẹ́ ẹ tó gbéra. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta péré: ṣé ẹ ń béèrè pépà? Ṣé ẹ ní ẹni tó ń sọ Sípáníìṣì lọ́jọ́ tá a máa wá? Ìgbà wo lẹ ń ṣí títí alẹ́?

Ìbéèrè kẹta yẹn, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń kọ̀wé rẹpẹtẹ pé ọkùnrin Látínò, ìyẹn àwọn tí ìran wọn wá láti Mẹ́síkò, Honduras àti irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, kì í lọ ṣe àyẹ̀wò nítorí ìgbéraga ọkùnrin àti ìtìjú. Ìtìjú wà o. Àwọn ọkùnrin wa náà ń fi agbo bo àtọ̀sí mọ́lẹ̀, ẹ ò sì gbọ́ kí wọ́n kọ ìwé lé e. Lójú tèmi, aago ló ń pa wọ́n lára jù. Ẹni tó ń dúró ní gbàgede Home Depot, ṣọ́ọ̀bù ohun èlò ìkọ́lé, ní aago mẹ́fà àárọ̀ kí agbaṣẹ́ṣe lè wá gbé e, tí kíníkì bá ṣí ní mẹ́jọ tó sì tì ní mẹ́rin, ọjọ́ kan tó bá lọ ṣe àyẹ̀wò, owó oúnjẹ ọjọ́ kan lọ nìyẹn. Tí wọ́n bá tún ní kó padà wá gba àbájáde, ọjọ́ kejì lọ. CDC ṣírò pé ní 2022, nínú ènìyàn mẹ́ta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó HIV ní Amẹ́ríkà, ẹyọ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọmọ Látínò, bẹ́ẹ̀ nínú ènìyàn márùn-ún tó ń gbé ilẹ̀ náà, wọn ò pé ẹyọ kan. Mi ò gbà pé ìgbéraga ló fa gbogbo ìyẹn.

Owó ńkọ́? Kíníkì àdúgbò tí ìjọba àpapọ̀ ń tì lẹ́yìn ò gbọ́dọ̀ lé ẹni tí kò lówó lọ́wọ́. Owó tó ń wọlé fún ènìyàn àti iye ẹnu tó ń bọ́ ni wọ́n fi ń pinnu iye tó máa san, ẹni tí owó rẹ̀ bá kéré gan-an lè san owó táṣẹ́rẹ́ tàbí kó má san rárá. Kó mú ìwé owó oṣù wíáháòsì yín dání. Tó bá jẹ́ pé owó ọwọ́ ni wọ́n ń san fún ìyàwó, kíníkì mìíràn á gbà kó kọ ọ́ sílẹ̀ kó fọwọ́ sí i. Harris County tí Houston wà náà ní ètò ìrànwọ́ tirẹ̀ fún ará àgbègbè náà, Harris Health ni wọ́n ń pè é, kò sì fi ti pépà ṣe. Ohun tẹ́ ẹ máa mú lọ síbẹ̀ ni ẹ̀rí pé inú Harris County lẹ ń gbé. Ẹni tó ń háyà yàrá lọ́dọ̀ ẹlòmíì, tí bíìlì iná ò sí lórúkọ rẹ̀, á ní láti gba ìwé lọ́wọ́ onílé. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń há.

Sífílíìsì, àrùn ìbálòpọ̀ míì, ló kù, torí oyún yẹn náà ni mo ṣe ní kẹ́ ẹ má fi falẹ̀. Ní oṣù keje 2023, ìjọba ìlú Houston figbe ta: láàárín 2019 sí 2022, sífílíìsì lára àwọn obìnrin ìlú náà ti fi ìdá 128 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Wọ́n sọ àyẹ̀wò àrùn ìbálòpọ̀ di ọ̀fẹ́ ní àwọn ilé ìlera ti ìlú. Ẹ pe wọ́n kẹ́ ẹ gbọ́ bó ṣe rí báyìí. Ní gbogbo Amẹ́ríkà ní 2022, ó lé ní 3,700 ìkókó tí sífílíìsì mú látinú ìyá wọn. Àwọn kan kú kí wọ́n tó bí wọn. CDC ní nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni kì bá tí ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá yẹ ìyá wò tí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ lásìkò. Òfin Texas ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ aláboyún wò fún sífílíìsì lẹ́ẹ̀mẹta: nígbà tó bá kọ́kọ́ wá fún oyún, nígbà tí oyún bá wọ oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn, àti nígbà ìbímọ. Ìwòsàn rẹ̀ fún aláboyún ò ju pẹnisílíìnì lọ. (Ẹ rí i, oògùn tí àtọ̀sí fojú di ni sífílíìsì ṣì ń sá fún.) Ẹ bi ìyàwó náà bóyá ó tilẹ̀ ti forúkọ oyún sílẹ̀ níbikíbi. Tí kò bá tíì ṣe é, ètò kan wà ní Texas tó ń sanwó ìtọ́jú oyún, tí wọ́n ń pè ní CHIP Perinatal. Ọmọ inú ni wọ́n kà sí ẹni tó ni ín, nítorí náà wọn kì í fi pépà ìyá dí i lọ́wọ́.

Ó ṣeé ṣe kí ọ̀rẹ́ yín tún sọ fún yín pé òun gbọ́ pé wọ́n ń fi àbájáde ránṣẹ́ sí ìjọba. Òótọ́ ni, àmọ́ ìjọba wo? Àtọ̀sí, klamídíà, sífílíìsì àti HIV, òfin ní kí láàbù fi tó ẹ̀ka ìlera létí. Ìyẹn náà ló ń mú kí òṣìṣẹ́ ìlera kan máa pe ènìyàn láti nọ́ḿbà tí kò mọ̀, kó bi í lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀ ta ni wọ́n jọ sùn kí wọ́n lè tọ́jú onítọ̀hún. Wọn kì í dárúkọ ẹni tó fà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní pépà kì í gbé nọ́ḿbà àjèjì. Kí ọ̀rẹ́ yín bi nọ́ọ̀sì nọ́ḿbà tí wọ́n á fi pe òun, kó fi orúkọ kan pa á mọ́ sínú fóònù. Kó sì sọ fún wọn pé òun ò fẹ́ lẹ́tà nílé. Níbi tí ọkùnrin mẹ́jọ bá ti ń pín ilé kan, tí àpótí lẹ́tà sì jẹ́ ẹyọ kan, ta ló mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ já a?

Kí n tún sọ èyí fún un nítorí ọjọ́ iwájú. Tó bá di ọjọ́ kan tí ọ̀nà pépà ṣí, dókítà ìmígíréṣọ̀n máa yẹ̀ ẹ́ wò. Amẹ́ríkà ti fagi lé òfin tó ń dènà ẹni tó ní HIV láti ọjọ́ kẹrin oṣù kìíní 2010. Àtọ̀sí àti sífílíìsì tí wọn ò tíì tọ́jú ṣì lè dá ìwé dúró, tí wọ́n bá sì ti tọ́jú wọn, ó parí. Nítorí náà ẹni tó ń sá fún àyẹ̀wò torí pépà ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba pépà jẹ́. Ti owó ìrànwọ́ àti gríìn káàdì, kó bi lọ́yà, kó má bi èmi.

Ìbéèrè yín tó kẹ́yìn: ṣé kẹ́ ẹ máa túmọ̀? Rárá, Bàbá Ìbejì. Ẹ wakọ̀, ẹ jókòó níta. Sípáníìṣì ẹnu iṣẹ́ ni tiyín, ẹ mọ "gbé e," "rọra," "àpótí." Ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè bóyá ènìyàn bá ẹlòmíì lò yàtọ̀ sí ìyàwó rẹ̀, bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, bóyá ẹnu ni tàbí ìdí? A gbọ́dọ̀ béèrè, torí ibẹ̀ la ti ń mọ̀ bóyá ọ̀nà ọ̀fun ló yẹ ká fi òwú nù. Ṣé ó máa sọ òótọ́ lójú yín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ máa pàdé ní wíáháòsì lọ́la? Òfin ní kí kíníkì tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀ pèsè ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kó sì má lo ọmọdé àyàfi ní pàjáwìrì. Mo ti rí ọmọbìnrin ọlọ́dún mọ́kànlá kan tí wọ́n ní kó bi ìyá rẹ̀ ìgbà tó rí nǹkan oṣù gbẹ̀yìn. Ó wo ilẹ̀, ó sọ nǹkan kan ní Sípáníìṣì, ìyá rẹ̀ náà wo ilẹ̀.

Ẹ tún jẹ́ kí ó dá yín lójú pé Sípáníìṣì gan-an ni èdè rẹ̀. Ọmọ Honduras ni, ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀. Àwa ọmọ Nàìjíríà níbí máa ń pe gbogbo wọn ní "Mẹ́síkò," bí ẹni pe ará Ìjẹ̀bú ní Mọlà. Ọ̀pọ̀ ará Guatemala tó wà láàárín wọn, Mam tàbí K'iche', èdè ìbílẹ̀ wọn, ni wọ́n ń sọ nílé, Sípáníìṣì dà bí Gẹ̀ẹ́sì létí ìyá àgbà wa. Bàbá kan wà tó ń dá wa lóhùn "sí, sí" sí gbogbo ìbéèrè, títí tí mo fi bi í bóyá ó lóyún. Ó ní sí. Ibẹ̀ la ti wá ògbufọ̀ Mam lórí fóònù.

Àyẹ̀wò fúnra rẹ̀ ò lè gba ogún ìṣẹ́jú. Ọkọ á tọ̀ sínú ike, ìyàwó lè fi òwú nu ojú ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ilé ìtọ̀, a ó sì fa ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì fún sífílíìsì àti HIV. Àmì ọyún tí ẹ sọ yẹn tó kí wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà láìdúró de láàbù, kó béèrè fún un. Ti HIV, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà lápá lọ sí láàbù lè fi kòkòrò náà hàn láàárín ọjọ́ 18 sí 45 lẹ́yìn tó wọ ara. Ti ìka tí wọ́n gún lè pẹ́ tó ọjọ́ 90. Tó bá jẹ́ oṣù tó kọjá ló ṣẹlẹ̀, wọ́n á ní kó padà wá. Kí wọ́n má sì sùn pọ̀ fún ọjọ́ méje lẹ́yìn tí àwọn méjèèjì bá ti gba oògùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á kàn máa kó o ran ara wọn.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá máa gbé e, ẹ sọ fún un kó má tọ̀ fún wákàtí kan kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Ìtọ̀ àkọ́kọ́ ni a fẹ́, èyí tó ń fọ kòkòrò jáde. Àwọn tó ń bẹ̀rù máa ń lọ tọ̀ níbi epo kí wọ́n tó wọlé, a ó sì ní kí wọ́n jókòó mu omi fún wákàtí kan sí i nínú gbọ̀ngàn tí wọn ò fẹ́ jókòó sí.